Ọ̀gá mi ń yọ owó ọjà tó dín nínú owó oṣù mi, ó tún fi fóònù lé mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àṣàkẹ́ Èbúté Mẹ́ta

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Mo ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìdúmọ̀tà, ibi tí wọ́n ti ń ta ọṣẹ, ìpara àti lọ́fínńdà ní páálí-páálí. Ọdún méjì àti oṣù méje ni mo ti lò níbẹ̀. Àwa mẹ́fà là ń ṣiṣẹ́, ₦75,000 sì ni owó oṣù mi. Wọn ò fún mi ní lẹ́tà kankan. Mádàámù kàn ní kí n mú onídùúró méjì wá, ó sì gba ojúlówó ìwé-ẹ̀rí WAEC mi, ó ní òun á máa bá mi tọ́jú ẹ̀.

Láti oṣù keje ni ọjà ti ń dín. Tá a bá kà á lópin oṣù, a ò ní rí páálí ọṣẹ mẹ́ta, tàbí ìpara bíi méjìlá. Gbogbo wa la mọ̀ pé àbúrò mádàámù máa ń wọlé nírọ̀lẹ́ Sátidé, á gbé ẹrù fún oníbàárà ẹ̀ lójú títì Nnamdi Azikiwe, á ní "mò ń bọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Tí mo bá wá kọ ọ́, wọ́n á ní ta ló ní kí n kọ orúkọ ẹ̀. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó mi nìyẹn: ₦20,000 lóṣù keje, ₦20,000 lóṣù kẹjọ, ₦30,000 lóṣù kẹsàn-án.

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù yìí, mo ṣì wà nínú bọ́ọ̀sì lórí bíríìjì Carter, mádàámù pè mí pé kí n má wulẹ̀ wá mọ́. Ó ní òun ò ní san owó ọjọ́ 19 tí mo ti ṣe, pé ó ti wọnú gbèsè mi. Ó tún ní tí mo bá ń pariwo, òun á fi ọlọ́pàá gbé onídùúró mi. Àbúrò màmá mi ni ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Wá iṣẹ́ míì lọ ní tìẹ. Ẹjọ́ kẹ́? Ní Èkó yìí? Owó tí wàá fi wọkọ̀ lọ sí kóòtù á ju owó tó ò ń bèèrè lọ.

Ìyá Ìbejì Súrùlérè

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, irú ọ̀rọ̀ báyìí ló ń jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́ wa jẹ.

Àṣàkẹ́, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe HR, ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà kí n tó jókòó ti àwọn ọmọ. Má lọ jà ní ṣọ́ọ̀bù, má sì gbé e sórí status. Ohun tó o máa kọ́kọ́ ṣe ni kó o sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di ìwé. Fóònù ló fi lé ẹ. Tó bá di ọ̀la ó lè ní ìwọ lo sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ta ló máa jẹ́rìí ẹ? Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp lónìí olónìí. Kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ kú ọ̀sán mà. Lórí ìpè yín ti àárọ̀ yìí, pé kí n má wá síbi iṣẹ́ mọ́, mo ní kí n bèèrè ẹni tí kí n fa kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù lé lọ́wọ́, àti ọjọ́ tí mo lè wá gba owó ọjọ́ 19 tí mo ti ṣe pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí mi. Ẹ ṣé mà."

Má bú u o. Ẹni tó bá bú ọ̀gá ẹ̀ lórí WhatsApp ti fún un ní nǹkan tó máa fi hàn káàkiri. Lẹ́yìn ìyẹn, ya fọ́tò gbogbo alert bánkì láti oṣù kẹfà, kí wọ́n rí bí 75 ṣe di 55, tó wá di 45. Fi ẹ̀dà ẹ̀ sínú email ara ẹ. Fóònù ò ṣeé gbọ́kàn lé nílùú yìí, ìrọ̀lẹ́ kan péré ní Ojúẹlẹ́gbà ti tó.

Àṣàkẹ́ Èbúté Mẹ́ta

Mo ti fi ránṣẹ́ mà. Èsì tí wọ́n fi fèsì rèé: "Kọ́kọ́rọ́ wo? Ṣebí mo ní o ò gbọdọ̀ wá mọ́. Fún ìyá oníbúrẹ́dì ìsàlẹ̀."

Ìyá Ìbejì Súrùlérè

Ó parí! Òun fúnra ẹ̀ ti kọ ọ́ pé òun ló lé ẹ. Ya á ní fọ́tò kó tó pa á rẹ́.

Bàbá Onítẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu àwa ọ̀gá náà, torí èmi náà ń gba èèyàn síṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló burú. Lọ́dún kan, ríìmù bébà mẹ́rìnlá pòórá ní ṣọ́ọ̀bù mi, bébà kì í sì í hu ẹsẹ̀. Inú bí mi. Mo lé ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀, mo sì fi owó oṣù ẹ̀ dí bébà.

Ọmọ yẹn ò bá mi jà. Ó lọ sí Citizens' Mediation Centre, ti ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìjọba Èkó. Ìgbà tí mo gba lẹ́tà, mo rò pé wọ́n fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi ni, àṣé wọn kì í gba kọ́bọ̀. Obìnrin tó jókòó síwájú wa bi mí pé: ta ló ka bébà yẹn? Ta ló fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kà á? Ṣé ẹ fún ọmọ yìí ní query, ìyẹn ìwé pé kó wá ṣàlàyé ara ẹ̀, kó dáhùn kẹ́ ẹ tó lé e? Ẹ̀yin ará, mi ò rí ẹyọ kan dáhùn nínú ẹ̀. Mo sanwó náà, ojú sì tì mí.

Látìgbà yẹn, ẹni méjì ló ń ka bébà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀, àwọn méjèèjì á fọwọ́ sí i, èmi náà á fọwọ́ sí i. Ẹni kan ṣoṣo ló ń mú kọ́kọ́rọ́. Tí èmi alára bá mú ríìmù kan fún ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ mi, mo ń kọ orúkọ mi sílẹ̀. Àṣàkẹ́, mádàámù yín ò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ dì mú.

Lọ́yà Yábà

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀. Mi ò gbọ́ tẹnu mádàámù, agbẹjọ́ ẹnìkan dájọ́ sì ni mí tí mo bá bú u, nítorí náà òfin ni mo máa sọ.

Labour Act, òfin iṣẹ́ tá a ti ń lò láti 1974, ló kan Àṣàkẹ́. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Mánájà, ẹni tó wà nípò àṣẹ, onímọ̀ iṣẹ́ bíi ẹnjiníà àti dókítà, òfin yẹn kò kà wọ́n mọ́ òṣìṣẹ́. Tiwọn, ohun tó wà nínú lẹ́tà iṣẹ́ wọn la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹni kan má lọ máa fi ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí halẹ̀ mọ́ bánkì ẹ̀ lọ́la.

Owó tí wọ́n yọ: abala 5 ló sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Ọ̀gá ò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn nínú owó oṣù, kódà kí òṣìṣẹ́ ti gbà bẹ́ẹ̀ nínú àdéhùn. Tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tàbí àìbìkítà ẹ̀ ló mú ọjà sọnù, ọ̀gá lè yọ ìwọ̀nba, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ, lákọsílẹ̀, lọ́wọ́ labour officer, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, mi ò tíì rí olówò Ìdúmọ̀tà tó lọ gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ rí. Ó tún ku ọ̀kan: gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù. Ìdá kan nínú mẹ́ta ₦75,000 jẹ́ ₦25,000. Ìyẹn ni pé ₦30,000 ti oṣù kẹsàn-án kọjá ààlà kódà ká ní wọ́n gba àṣẹ. ₦20,000 ti oṣù méjì tó ṣáájú kò kọjá ààlà, àmọ́ ta ló fún wọn láṣẹ?

Ti nótíìsì wà ní abala 11. Ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan ni. Tó bá ti ju oṣù mẹ́ta tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún méjì títí dìgbà tí ọdún márùn-ún ò tíì pé, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Èyí tó bá sì ti tó ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Ìpè fóònù lórí bíríìjì kì í ṣe ìwé. Tí mádàámù ò bá fẹ́ rí yín sójú fún ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, kó san owó ẹ̀.

Nítorí náà: owó ọjọ́ 19 jẹ́ ₦47,500. Ti ọ̀sẹ̀ méjì, ₦35,000. Èyí tí wọ́n yọ, ₦70,000. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ ₦152,500. Tẹ́ ò bá sì tíì lọ ìsinmi ọdún yìí, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù méjìlá ní ẹ̀tọ́ sí ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6 pẹ̀lú owó.

Ti lẹ́tà iṣẹ́, abala 7 ní kí ọ̀gá kọ àwọn ohun tí ẹ jọ ṣàdéhùn fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Pé kò sí lẹ́tà kò sọ yín di aláìníṣẹ́. Ẹ̀bi ọ̀gá ni.

Ti ọlọ́pàá: òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́, wọn ò sì gbọdọ̀ mú ẹlòmíì dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Tí ẹni kan bá jalè, ìyẹn ọ̀ràn ni, kí wọ́n lọ fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Ṣùgbọ́n "ọjà dín" kì í ṣe olè títí ẹni kan á fi fi ẹ̀rí ẹ̀ hàn. Ẹ fi ọkàn àbúrò màmá yín balẹ̀.

Ìbéèrè kan: ṣé ẹ ti fọwọ́ sí ìwé kankan?

Àṣàkẹ́ Èbúté Mẹ́ta

Ẹ ṣé gan-an sà. Mo fọwọ́ sí ọ̀kan lóṣù kẹsàn-án. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé mo gbà pé mo jẹ gbèsè ọjà ₦140,000. Wọ́n ní tí mi ò bá fọwọ́ sí i, mi ò ní rí owó oṣù yẹn gbà. Owó ilé sì ti délẹ̀.

Ìyá Ìbejì Súrùlérè

Háà, Àṣàkẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ohun tó ń gbé èèyàn ṣubú jù rèé. Mo ti rí i lójú ara mi. Wọ́n á pè ẹ́ wọlé níwọ̀n agogo márùn-ún ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ebi ń pa ẹ́, biro ti wà lórí ìwé. Tí wọ́n bá ní dandan kó o fọwọ́ sí i, fi ọwọ́ ara ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Mo rí ìwé yìí, ṣùgbọ́n mi ò gba ohun tó wà nínú ẹ̀", kó o wá fọwọ́ sí abẹ́ ẹ̀, kó o kọ déètì. Ìwé náà ti di tìẹ nìyẹn. Tí wọ́n bá já a mọ́ ẹ lọ́wọ́, tún dára, lọ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́yà Yábà

Àbá tó dáa nìyẹn. Ti Àṣàkẹ́ ò bà mí lẹ́rù jù. Ìwé tí ẹ bu ọwọ́ lù torí kẹ́ ẹ lè rí owó yín gbà, ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá máa dá sí i. Kò sì rọ́pò àṣẹ labour officer.

Táíwò Ìsọlọ̀

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ṣe casual nílé-iṣẹ́ oníke kan. Ẹ̀rọ gé orí ìka mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n fún mi ní owó oògùn, wọ́n ní kí n lọ sinmi nílé, pé casual ò ní nǹkan kan láti gbà. Ṣé òótọ́ ni?

Lọ́yà Yábà

Irọ́ ni. Employees' Compensation Act ti 2010 ka casual mọ́ òṣìṣẹ́, bó ṣe ka ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ ọn. Ọ̀gá ló ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára yín. Àmọ́ ẹ ṣe kíá. Ọjọ́ 14 lẹ ní láti fi sọ fún ọ̀gá yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Òun náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ọ̀sẹ̀ kan ti lọ nínú tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ lónìí, ẹ má dúró kí ìka jinná.

Adùkẹ́ Ìlúpéjú

Èmi náà ní ìbéèrè kan sà. Oyún oṣù mẹ́fà ni mo wà. Ọ̀gá ní tí mo bá bímọ, kí n gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò sì ní sanwó.

Ìyá Ìbejì Súrùlérè

Mo kí ẹ kú ìrọ́jú. Ọ̀sẹ̀ 12 ni òfin fún ẹ, 6 ṣáájú, 6 lẹ́yìn ìbímọ, pẹ̀lú ìwé dókítà. Tó o bá ti lo oṣù 6 níbẹ̀, kò gbọdọ̀ san iye tó kéré sí ìdajì owó oṣù ẹ. Tó o bá padà, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọmú. Kò sì gbọdọ̀ fún ẹ ní lẹ́tà ìdádúró nígbà tó o wà nílé ọmọ. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń san gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì ni òfin dì mú.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ó dáa, mo ti gbà. Ti owó pension àti owó oṣù tó kéré jù ńkọ́? Ṣé mádàámù ò jẹ ìyẹn náà ni?

Ìyá Ìbejì Súrùlérè

Ibi tí òfin dúró sí nìyẹn. ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù láti 2024, ṣùgbọ́n kò mú ẹni tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ kò tó 25. Pension náà, èèyàn 15 sókè ló di dandan fún. Mẹ́fà ni wọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé-iṣẹ́ ńlá ni kẹ́ ẹ lajú. Ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lára yín, ọ̀gá á fi 10 tiẹ̀ kún un, kí ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó oṣù tó pé, ó gbọ́dọ̀ ti wọ àkáǹtì pension yín. Mo ti jókòó nínú ọ́fíìsì rí tí wọ́n ti ń yọ ọ́ lóṣooṣù tí wọn ò sì fi ránṣẹ́ fún odindi ọdún kan. Inú ìwé owó oṣù, ó mọ́ rekete. Ẹ má wo ìwé owó oṣù, ẹ bèèrè statement lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú pension yín.

Bàbá Onítẹ̀wé Ṣómólú

Lọ́yà, ẹ dá mi lóhùn náà. Tí mo bá wá rí olè lójúkorojú ńkọ́? Ṣé nótíìsì ni màá tún fún un?

Lọ́yà Yábà

Rárá, bàbá. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹ fòpin sí iṣẹ́ èèyàn, ọ̀tọ̀ ni kí ẹ lé e dànù. Ti àkọ́kọ́, ẹ máa fún un ní nótíìsì tàbí owó ẹ̀. Ti ìkejì, tó bá hùwà tó burú jáì bí olè jíjà, kò sí nótíìsì. Ṣùgbọ́n query gbọ́dọ̀ ṣáájú, ẹ fún un láyè kó dáhùn, kẹ́ ẹ tó pinnu. Tẹ́ ẹ bá kọ "olè" sínú lẹ́tà tí ẹ ò sì lè fi ẹ̀rí ẹ̀ hàn, ẹ̀yin lẹ máa wá ẹ̀rí ní kóòtù. Kóòtù yẹn ni National Industrial Court, ní Ìkòyí fún àwa ará Èkó. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe ní 2010, òun ló ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kì í ṣe májísíréètì. Fún ₦152,500, mi ò ní gba Àṣàkẹ́ níyànjú kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kó lọ sí ibi tí bàbá sọ yẹn.

Àṣàkẹ́ Èbúté Mẹ́ta

Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo lọ sí Citizens' Mediation Centre. Wọ́n kọ ìwé ránṣẹ́ sí mádàámù. Ní ìgbà àkọ́kọ́ wọn ò yọjú. Ní ìgbà kejì wọ́n wá pẹ̀lú ìwé ọjà, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn pupa yẹn, wọ́n gbé e lé tábìlì pẹ̀lú ariwo. Obìnrin tó ń dá sí ọ̀rọ̀ wa ṣí i díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ fáànù ń ṣí i mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dé oṣù kẹjọ, ó dúró. Orúkọ àbúrò mádàámù wà níbẹ̀, ìkọ̀wé mi ni, páálí márùn-ún. Wọ́n ti fi biro búlúù fa ìlà sí i, àmọ́ ó ṣì ń hàn. Ó yí ìwé náà síwájú mádàámù, ó ní, "Ta ló fa ìlà sí i mà?" Mádàámù wo fèrèsé.

Wọ́n gbà láti san ₦47,500 àti ₦35,000, pẹ̀lú ìdajì nínú ₦70,000 tí wọ́n yọ. ₦117,500 ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fẹ́ san án. ₦60,000 ti wọlé. A jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.

Lọ́yà Yábà

Mo yọ̀ fún yín, àmọ́ ìdajì yẹn dùn mí. Gbogbo ₦70,000 ló tọ́ sí yín.

Àṣàkẹ́ Èbúté Mẹ́ta

Mo mọ̀ sà. Ṣùgbọ́n gààrí ti tán nílé, mo sì ti rí iṣẹ́ míì ní Tejúoṣó tí wọ́n ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo ti bèèrè lẹ́tà kí n tó gbà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún mi.

Wọ́n dá ìwé-ẹ̀rí WAEC mi padà. Inú nylon búrẹ́dì ni wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí. Epo ti ràn mọ́ igun kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi orúkọ mi.

Bàbá Onítẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ má fi nǹkan nù ún o, ẹ máa ràn án ni. Ẹ fi sáàárín bébà funfun méjì, ẹ gbé ìwé wúwo lé e. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ mú un wá bá mi, màá laminate ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀dà mẹ́wàá ni màá tún bá yín ṣe lé e. Ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ fún ọ̀gá tuntun.